Àárọ̀ tí Mọ́mì Tú Gbogbo Ọta Wa

Òórùn ẹ̀tù jíjó àti idẹ ni mo máa ń gbọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí a ń gbé ní District Heights, nílẹ̀ òyìnbó. Yóò ti dé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yóò ti pààrọ̀ aṣọ, yóò sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí bésímẹ́ńtì, yàrá abẹ́ ilé wa, lọ fọ àwọn agolo ọta tí a ti yìn. Agolo náà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń dán bí òrùka. Tí o bá gbé ọ̀kan sún mọ́ imú, wàá rò pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná níbẹ̀ ni.

Kì í ṣe ẹran ni Mọ́mì ń fi ìbọn pa o. Pátákó tó wà ní òkèèrè réré, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ló máa ń yìn ín sí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un lọ sí pápá ìyìnbọn, ó sì wọ̀ ọ́ lára. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́ títí, Dádì bínú títí, kò jáwọ́. Kì í ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń dí i, nítorí ó ní ọta tí kò bá bára mu kò lè balẹ̀ síbì kan náà. Á wọn ẹ̀tù, á rọ ọ́ sínú agolo, á wá fi ẹ̀rọ tẹ orí ọta mọ́ ọn lẹ́nu. "Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," orin rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tó forúkọ mi sílẹ̀ fún ìdíje ìbọn yíyìn mi àkọ́kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé tó ṣáájú rẹ̀, ó ń rọ ẹ̀tù, èmi ń nu agolo. Fóònù dún láti Ìbàdàn: Màmá àgbà, ìyá Mọ́mì, ti ṣubú ní balùwẹ̀. Mọ́mì sáré wá káàdì tí a fi ń pe ilé, ó pè wọ́n padà, ó sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán. Nígbà tó padà sídìí tábìlì, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó parí iṣẹ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrù ti wà nínú mọ́tò, mọ́tò ti ń kùn, Mọ́mì kò wà á. Ó kàn di sítíárìn mú.

"Tọ́lá, mi ò mọ̀ bóyá mo ti rọ ẹ̀tù sínú agolo tí mo dé nígbà tí fóònù dún."

"Mọ́mì, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Tí ẹ̀tù ò bá sí nínú ọ̀kan, orí ọta lè há sínú ọ̀pá ìbọn. Èyí tó bá tẹ̀ lé e á fọ́ ìbọn mọ́ ẹ lójú."

"Ẹ jẹ́ ká kàn wọ̀n wọ́n."

"Agolo wọn ò wúwo bákan náà. Òṣùwọ̀n á tàn wá jẹ." Ó pa mọ́tò.

Mo sunkún dé bésímẹ́ńtì. Òòlù oníke kan wà tí a fi ń tú ọta: a ó ki ọta sínú orí rẹ̀, a ó máa gbá a mọ́lẹ̀ títí orí ọta yóò fi yọ. Ariwo náà ló jí Dádì. Ó wo ojú mi, ó wo ojú Mọ́mì. Mo rò pé yóò ní, "Ṣé mo sọ fún yín?" Ṣùgbọ́n òòlù ló gbà lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ oorun lọ́rùn, ó ń gbá a.

Ẹ̀tù wà nínú gbogbo wọn. Kò sí èyí tó dín, kò sí èyí tó lé.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

"Mo rí i," ni Mọ́mì wí. "Ó ti wá dá mi lójú." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdíje ti ń parí lọ nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé pápá. Mọ́mì bẹ olórí pápá pé kí n ṣáà yìn, bí wọn ò tilẹ̀ ní kà á mọ́ ìdíje. Ọkùnrin náà gbà. Mo dojú bolẹ̀, atẹ́gùn ń ti koríko sí ọ̀tún, ọwọ́ Mọ́mì wà lẹ́yìn mi. Mo yìn, mo tún yìn, títí ọta fi tán. Nígbà tí wọ́n gbé pátákó wá, àwọn ihò náà ṣù jọ sí àárín. Dádì, tí kò tẹ pápá yẹn rí, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà gbà pé ìyá òun ló gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ òun. Mo ti gba ife lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí Mọ́mì wà nígbà náà. Ìbọn yíyìn kì í dẹ́rù bà mí mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹni máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, kí ọkàn tiẹni náà máa fà sí ọ̀nà pápá, kí a sì pa mọ́tò síbẹ̀, agbára yẹn ni mo ṣì ń wá.