Òkúta Tí Yèyé Máa Ń Fọ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní abúlé wa tó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Òṣogbo, ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí gbogbo ọmọdé máa ń gbé àdá kékeré lọ ro Ojú Ogun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lè rántí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú tiyín. Ibẹ̀ ni Balógun wa àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣubú sí láyé àwọn bàbá ńlá wa, ẹnikẹ́ni kò sì rí òkú wọn gbé wálé. Dípò òkú, ilé kọ̀ọ̀kan gbé òkúta kan láti odò wá síbẹ̀ fún ẹni tirẹ̀. Balógun náà ní tirẹ̀, kò sì tóbi ju ti àwọn yòókù lọ.

Òkúta ilé wa dúdú, ilà funfun kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí ilà ojú. Ti bàbá Yèyé ni. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ sógun, nítorí náà kò rí ojú rẹ̀ rí. Èmi ni mo máa ń pọn omi odò sínú akèrègbè. Bí mo bá dà á nù lọ́nà, ìkó ni. Yèyé á kúnlẹ̀, á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ òkúta náà bí ẹni ń fọ ojú ọmọ, á máa sọ pé, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ojú yín kan tí mo mọ̀ nìyí." Lẹ́yìn náà la ó jẹ iṣu sísun àti epo pupa. Ọmọ tó bá jókòó lé òkúta, kódà ti ilé ẹlòmíràn, kò ní rí iṣu jẹ. Mo jẹ ìyà yẹn lẹ́ẹ̀kan, òórùn iṣu náà kò sì tíì kúrò nímú mi.

Ogun abẹ́lé ti parí, mo sì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣogbo, nígbà tí àwọn ọlọ́lá ìlú wa ní kí a kọ́ ohun tí ayé yóò rí. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ère Balógun sí Ojú Ogun, ó gun ẹṣin, ó na idà sókè. Ẹ jẹ́ kí n tún èyí ṣe fún àwọn ọmọ tó ń gbà á gbọ́: ẹsẹ̀ ni Balógun wa fi rìn lọ sójú ogun. Nígbà tí Yèyé gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹṣin? Nínú igbó wa? Ta ló ń gé koríko fún un jẹ?"

Nígbà tí ọjọ́ òkúta pé, mo bá a lọ bí ìṣe wa, akèrègbè lọ́wọ́ mi, kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. A kò rí òkúta kankan. Bíríkìlà kan ń kun ìdí ère ní ọ̀dà funfun.

"Ọmọ mi, àwọn òkúta ibí ńkọ́?"

"Màmá, ẹ má mikàn. Lọ́rì tó yẹ kó kó òkúta wá kò dé, la bá fọ́ àwọn yẹn sí ìpìlẹ̀. Wọ́n le gan-an! Ère yìí kò lè wó láéláé."

"Èyí tó ní ilà funfun ńkọ́? Apá ibo ló wà?"

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka yí ìdí ère po. "Gbogbo rẹ̀ náà ni, Màmá."

Yèyé rọra ki kànìnkànìn bọ omi, ó nawọ́ sí ìdí ère. Bíríkìlà pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ọ̀dà náà kò tíì gbẹ!"

Ó fa ọwọ́ padà. Ó ní kí n da omi náà nù. Èmi tí mo ti gba ìkó títí nítorí omi yẹn, mo dà á sílẹ̀ pátá. Yèyé kò tún débẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Láyé ọjọ́un a kò ní ère, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí kò mọ òkúta ilé rẹ̀, kò sì sí ọdún tí koríko bò ó. Lónìí wọ́n ní ìjọba ló yẹ kó máa ro ibẹ̀, ìjọba kì í sì í ro ó. Àwọn olóṣèlú ń lẹ àwòrán ara wọn mọ́ ikùn ẹṣin. Orúkọ Balógun wà lára ère gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ "àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá mo mú ọmọ ọmọ mi lọ wò ó. Ó kà á tán, ó ní, "Bàbá àgbà, èwo ni tiwa níbẹ̀?"

Ìgbà tí n ó fi mọ̀, mo ti ń nawọ́ yí ìdí ère po, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ọjọ́ náà ti ṣe.