Ohun Tí Mi Ò Sọ fún Dókítà

Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè mi láàárín àwọn oníṣẹ́ táyà ní àdúgbò PZ, ní Sàríà níbí. Táyà tí mo bá fọwọ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ iye oṣù tó kù tí yóò lò. Hausa tí mò ń sọ, àwọn tó ni ín gan-an máa ń bi mí pé ṣé Kánò ni wọ́n ti bí mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbikíbi témi àtìyàwó mi bá lọ, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọ̀ffà ni mo ti gbé e wá. Hausa tiẹ̀ kò ju ti ọjà lọ.

Oṣooṣù ni inú máa ń run ún. Á ká jọ sórí ẹní, á máa bì, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ọmọ kan la bí, ìkejì kò wá mọ́. Èmi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni mo fẹ́ lọ bi? Mo fòfin de ṣúgà nílé wa ní Hayin Dogo, mo ń fọwọ́ ara mi se àgbo fún un. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé ọ̀lẹ ni wọ́n fún mi. Ìyàwó mi wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ọdún méjìlá la fi ṣe báyìí. Lọ́dún tó kọjá ló dákú nídìí ẹ̀rọ, tí àwọn aládùúgbò fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn kékeré kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀wé fún wa pé ká lọ rí dókítà àìsàn obìnrin.

Obìnrin ni dókítà náà, ó wọ híjáàbù, ó lo ìbomú. Hausa ni mo fi kí i, kíkí tó kún dáadáa. Òun náà fi Hausa dáhùn, ó ní kí ìyàwó mi sọ ohun tó ń ṣe é. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi kọjú sí mi, ó rọra ní:

"Alàájì, ẹ sọ fún wọn pé tí nǹkan oṣù mi bá dé ló máa ń le jù. Tí mo bá fẹ́ yàgbẹ́ lásìkò yẹn, ńṣe ni mo máa ń sunkún. Ẹ sọ pé tá a bá sùn pọ̀ náà, ó máa ń dùn mí di ọjọ́ kejì."

Ó ti sọ ti ìkẹyìn yẹn fún mi rí. Mo ní kó yé fi sá fún mi. Kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú obìnrin? Mo yíjú sí dókítà, mo fi Hausa tó já gaara sọ pé: "Inú ló ń run ún. Ata ló fẹ́ràn jù."

Dókítà kò kọ nǹkan kan. Ó fa ìbomú rẹ̀ wálẹ̀.

"Alàájì," ó ní lédè Yorùbá, "ará Ọ̀ffà ni ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ jókòó síta díẹ̀."

Bàbá Hausa kan tó wà lórí bẹ́ńṣì wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Kai! Wọ́n lé ọ jáde ni?" Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ojú ìyàwó mi ti wú fún ẹkún. Dókítà ní òun fura sí ẹndometiríósíìsì: irú ẹran tó máa ń wà nínú ilé ọmọ ló ń hù síta rẹ̀, tí nǹkan oṣù bá dé, òun náà á máa ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí kò ti rọ́nà jáde.

"Jẹ̀dí ńkọ́, mà?" mo bi í. "Ṣúgà ńkọ́?"

"Alàájì, kò sí ohun tó jẹ tó fa èyí."

Wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lu ihò kéékèèké sí ikùn rẹ̀, wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Ẹran náà ti lẹ̀ mọ́ ìfun lóòótọ́. Wọ́n gé èyí tó ṣeé gé, wọ́n sì kọ oògùn tí yóò máa dá nǹkan oṣù dúró, torí pé ó lè padà.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan fi Hausa bi í bóyá ó ṣì ń dùn ún. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Síbẹ̀, ojú mi ló kọ́kọ́ wò, ó ń dúró kí n sọ bó ṣe ń ṣe òun.

Mo dorí kodò. "Ìwọ ni wọ́n ń bi," mo ní.

Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. Hausa rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí ikùn níbi tí ọ̀rọ̀ ti tán. Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀.