Àwòrán Bàbá Má-mí Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wò Tán

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni Bàbá Má-mí kú sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́nu yàrá tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ya àwòrán inú ara àwọn ẹlòmíràn. Nọ́ńbà kọkànlélógójì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn, ni wọ́n bá pe kejìlélógójì. Wọ́n ní àwọn rò pé ó sùn ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Má-mí: "Ẹ fa èémí sínú. Ẹ má mí! Ó ti tó, ẹ máa mí lọ." Ohun kan náà ló máa ń sọ fún mi ní kékeré tó bá fẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi. Àwọn dókítà tuntun a máa sá fún un, torí kì í jẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò kúrò níwájú iná láìwo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Á ní, "Ohun tẹ́ ẹ ò wá náà lè wà níbẹ̀ o."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú, ó ku òun àti rédíò nínú yàrá kan. Kò pẹ́ tí kò fi lè rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò mọ́. Tó bá ti dé òpó iná kejì, pajápajá á mú un lẹ́sẹ̀, á dúró, á ṣe bí ẹni ń retí èèyàn. Ta ló fẹ́ retí? Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tutù nínú oòrùn. Tó bá jẹun, ikùn á máa gún un, ló bá ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ó rù kan egungun. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Ṣé ọjọ́ orí ló ń so èèyàn mọ́ ìdí òpó iná?

Lóṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn tó ń dùn ún. "Ẹ̀yìn" ni dókítà kọ sórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn nìkan náà ni ẹni tó ka fọ́tò wò: egungun ń gbó, kò séwu. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí fọ́ọ̀mù kò bá bèèrè, ojú wọn kì í rí i. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé!

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé fọ́tò náà tọ dókítà mìíràn lọ. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ó wá fi ìka tọ ìlà funfun méjì níwájú egungun ẹ̀yìn, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fà wọ́n.

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú ikùn kọjá nìyí, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun àti ẹsẹ̀. Kò yẹ kó hàn báyìí. Kálísíọ̀mù ti gan mọ́ ọn lára, ó ti le gbagidi, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há. Ta ló ka èyí?"

Mo mọ ìlà yẹn. Lọ́jọ́ tí fọ́tò dé, ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó nà án sí mi: "Ọmọ mi, bá mi wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Mo ń kánjú. Mo rí nǹkan funfun, mo rò pé nǹkan ló ha fọ́tò náà. Mo ní, "Bàbá, dókítà ti kà á." Ó rọra tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì bi mí mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà tí dókítà kejì ti fi ìlà náà hàn mí.

Nítorí náà, èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fọwọ́ sí "kò séwu"? Ta ló pàṣẹ pé ibi tí fọ́ọ̀mù bá dé ni kí ojú dé? Mò ń gbé fọ́tò náà bọ̀ ní ọsibítù yín lọ́jọ́ Ajé, orí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni n ó jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá pè mí, màá dáhùn. Ẹ̀yin náà, ẹ múra àtidáhùn.