Dókítà Tí Kì Í Ṣí Fìlà

Dókítà tó tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú mi kì í ṣí fìlà. Ọmọ alùfáà ni, ọmọ Ìlọrin gan-an, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè. Kó tó yẹ̀ mí wò, á kọ́kọ́ fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ Ọ̀fà, ìjàkadì lorò yín. Ṣé ẹ ti gbé e ṣánlẹ̀?"

"Dókítà, a ṣì wà lórí ìdúró."

"Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú o!"

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyarun jáde. Mo so gèlè mọ́rí, mo ní kí àbúrò mi di ẹrù wa, pé n kò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Kò pẹ́ tí dókítà fi wọlé.

"Wọ́n ní ọmọ Ọ̀fà fẹ́ sá lójú ìjà."

"Dókítà, ẹ wo orí mi. Kí ló kù?"

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣí fìlà. Orí rẹ̀ ń dán bí igbá tí wọ́n fi òróró pa.

"Wàláhì, èmi ò gba abẹ́rẹ́ kankan. Tiyín á hù padà. Tèmi ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àbúrò mi tú ẹrù. Mo sì gba àwọn abẹ́rẹ́ yòókù tán.

Nígbà tí irun mi tó dì, mo di ṣùkú, mo lọ fi hàn án. Ó yí mi po, ó wá pariwo pe àwọn nọ́ọ̀sì:

"Ẹ wá wo ìrẹ́jẹ! Èmi ni mo ni abẹ́rẹ́, orí ọmọ Ọ̀fà ni irun lọ hù sí!"