Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Pè Ní Òbùrẹ́wà

Ní ìlú wa ní Bulgaria níbí, bí o bá pe ọmọ ọlọ́mọ ní arẹwà lójú ara rẹ̀, wọ́n á ní o fẹ́ pa á ni. Ọmọ tó bá dára gan-an, ṣe la máa ń tutọ́ sí i, itọ́ ẹnu lásán tí kò lómi, a ó sì bú u dáadáa: "Tù! Tù! Òbùrẹ́wà! Kí adìyẹ ṣu lé ọ lórí!" Bí ojú burúkú tó ń ṣe ọmọ arẹwà níbi bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, á rò pé kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Èmi Nevena, wọ́n tutọ́ sí mi nígbà ọmọge mi títí ó fi sú mi. Ẹ má wò mí bí mo ṣe rí báyìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ládùúgbò wa tí ẹnikẹ́ni ò tutọ́ sí rí. Biliana ni, ọmọ Rumiana, aládùúgbò mi tí ògiri kan ṣoṣo pààlà èmi àti ẹ̀.

Wọ́n bí i pẹ̀lú àmì abínibí pupa kan tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú òsì, tó bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé àgbọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ìyá ọkọ Rumiana ṣí aṣọ lójú ọmọ, ó wò ó, ó ní, "Ṣẹ́rì olóṣẹ́rì lo jí jẹ nínú oyún, o wá fọwọ́ kan ojú, òun ló yọ sójú ọmọ yìí." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Igi ṣẹ́rì tèmi ló ń wí, igi tó yọ ẹ̀ka kọjá ògiri, tí gbogbo àdúgbò ń já èso pupa rẹ̀ jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀, ojú yín ò ṣe pọ́n?" Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Rumiana lára, kò sì fi ṣẹ́rì kan ẹnu mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ wáṣẹ́ lọ sí Jámánì, Jámánì sì gbé e mì. Ó wá ku òun àti ọmọ, àti ẹ̀rọ ìránṣọ ní ilé iṣẹ́ tó ti ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pe Biliana ní "Ṣẹ́rì," ni Rumiana bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ìkunjú. Kò ní ọ̀gá. Ojú ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ. Á mú ìkunra ètè, á fi kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tirẹ̀ pupa yòò gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ, á wá jókòó síwájú dígí, á máa wá bí yóò ṣe bò ó. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa jáde lọ ra búrẹ́dì, àwọn èèyàn rò pé ẹnì kan ló gbá a létí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n nígbà tó yá. Ó mọ̀ pé àwọ̀ ewé ló ń pa pupa, pé ìkunra aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ni èèyàn á kọ́kọ́ fi sí i. Ó mọ̀ pé a kì í fọwọ́ pa á. Fóòmù tútù la fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Àtíkè á jókòó lé e lórí, á mu òróró tán, kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n nù. Bí o bá sì bò ó tán, ojú á rí pẹrẹsẹ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, àfi kí o fi àmì wẹ́wẹ́ padà sí i níbi díẹ̀ díẹ̀, kó tó lè jọ awọ èèyàn.

Àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a. Ó bo irorẹ́, ó bo àpá iná, ó bo ojú tí ọkọ lù wú. Gbogbo ìlú ló ń bo, ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò gbà fún un. "Ojú mi ni, Màámi. Ẹ fi í sílẹ̀." Rumiana á ní, "O rẹwà bẹ́ẹ̀ náà, ọmọ mi. O rẹwà." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Gbogbo wa la ń sọ ọ́. Ta ló fẹ́ pe ọmọ tójú ẹ̀ rí báyẹn ní òbùrẹ́wà? Á jọ pé a ń fi àbùkù kàn án ni. Ọmọ náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ irú àwọn tí à ń bú.

Ó wá kan alẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn nílé ìwé girama. Lọ́dọ̀ wa, alẹ́ yẹn ju ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ. Ẹbí á kún àgbàlá, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á mu ọtí rakia, wọ́n á sin ọmọ dé ìdí ọkọ̀. Mo wà ní ilé ìdáná Rumiana ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ń jẹ bánítsà, búrẹ́dì oníwàràkàṣì rẹ̀ tó gbóná, nígbà tí Biliana wọlé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ kùn mí lọ́jọ́ náà."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Rumiana. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n tutọ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Bí wọ́n bá tún ní mo rẹwà, mi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn. Màá padà wọlé, ẹ ò sì ní rí mi níta mọ́."

Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo gbé bánítsà sílẹ̀.

Ọjọ́ pé, oòrùn mú bí ẹni pé ó ń bá wa jà. Rumiana kun ìpele kìíní, òógùn sì wọ́ ọ dànù. Ó nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi abọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, mo ní, "Rumiana, fara balẹ̀, ojú lò ń kùn, o ò jalè." Kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ìkunra aláwọ̀ ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Irin tí wọ́n fi ń dirun ló fi ń ha ìsàlẹ̀ ìgò rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́nu pé, "Ọlọ́run, gba ọwọ́ yìí lọ́la tí o bá fẹ́. Má gbà á lónìí." Ẹkún gbọ̀n mí. Mo yíjú sí ògiri.

Nígbà tó ṣe tán, mo yíjú padà. Ẹ gbà mí! Kò sí àmì. Kò sí àtíkè. Ọmọge kan ló jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ti la ẹnu kí n tutọ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Àǹtí Nevena, ẹ má sọ ọ́. Ẹ̀yin ti mọ ohun tí mò ń wá. Tiyín ò kà."

Ó jáde sí àgbàlá. Onífèrè dá fèrè dúró. Gbogbo wọn wò ó, ẹnu wọn yà, mo ní wọ́n máa tutọ́ báyìí. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀.

"Áà, Biliana! O mà rẹwà o!"

"Ó rẹwà! Ẹ wò ó!"

Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Mo fún ìyàwó alápatà léèékánná ní apá. "Tutọ́, ìwọ yìí!"

"Ṣé orí yín pé? Kí n bú ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ayọ̀ ẹ̀?"

Biliana ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti ń tán díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni Màmá Zlata, ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ òpópónà wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀pá wọlé. Màmá dúró, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tù! Tù! Tù! Òbùrẹ́wà yìí! Kí gbogbo adìyẹ mi ṣu lé ọ lórí!"

Ha! Ojú ọmọ náà tàn. Rumiana di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára, mi ò ké.

"Ọmọ ta tiẹ̀ ni?" Màmá Zlata bi àwọn èèyàn.

Alápatà, orí ẹran yẹn, ló dáhùn. "Biliana ni, Màmá. Ọmọ Rumiana."

Ìyá arúgbó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Biliana? Dárí jì mí, ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni! O rẹwà. O rẹwà gan-an ni."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ fi ọ̀pá ìyá yẹn lu alápatà.

Biliana ò sunkún. Ó yípadà, ó kọrí sílé. Rumiana ti sáré dí ẹnu ọ̀nà, fóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Ọmọ mi, o rẹ..." Mo rí i tó ń wo ọmọ rẹ̀, tó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun náà ò tíì pè é ní òbùrẹ́wà rí. Ó gbá orí ọmọ mú, ó sì tutọ́ sí i. Kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Itọ́ gidi ni, ó bà á lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì.

"Òbùrẹ́wà!" Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Òbùrẹ́wà ọmọ! Kí adìyẹ ṣu lé ọ! Kí pẹ́pẹ́yẹ ṣu lé ọ! Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ lo ti burẹ́wà! Tù!"

Itọ́ náà ń ṣàn wálẹ̀, ó ń wọ́ àtíkè lọ, pupa sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Rumiana rí i. Ó gbé fóòmù sókè kíá láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n Biliana di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Màámi."

Ó wo ìyá rẹ̀, irun rẹ̀ tó tú, ojú rẹ̀ tó wú, ìkunra aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn ní àgbọ̀n.

"Tù," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà burẹ́wà."

Ó sì lọ wọ ọkọ̀.