Awò Tí Mo Fi Irọ́ Wá

Ìsọ̀ onígi kan wà ní Àgbowó nígbà náà, ní ọ̀kánkán géètì yunifásítì, tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní ìwé ìtàn. Tí o bá ti yọjú wọlé báyìí, òórùn ìwé tí òjò ti pa rí àti ti àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á kí ọ káàbọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé inú ìwé. Ìwọ náà á rántí wọn: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń tún rédíò ṣe, tó ń mú olè, tó ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́, tí kò sì ṣeré rí láyé rẹ̀. Awò ràgàjì ló máa ń wà lójú gbogbo wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ipò kẹrìnlá ni mo sì máa ń mú ní kíláàsì. Mo rò ó títí, mo ní awò nìkan ló kù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kan ìwé nìyẹn, tí mo ń kọsẹ̀ lára àga tí mo rí kedere.

Màmá mi ni n kò rò mọ́ ọn. Ìyá tó bí màmá mi lọ́mọ fọ́jú kí wọ́n tó kú. Ọwọ́ màmá mi ni wọ́n ń dì mú rìn káàkiri ilé. Láti ọjọ́ tí màmá mi ti rí mi tí mo kọsẹ̀, wọn kò jẹ ẹ̀dọ̀ inú ọbẹ̀ tiwọn mọ́. Èmi ni wọ́n ń bù ú fún, wọ́n ní ó dára fún ojú. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó dùn.

Nígbà tó yá, wọ́n tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan lápá Ring Road. Dókítà, obìnrin kan tó lọ́yàyà, ní kí màmá mi jókòó síta. Lẹ́tà ńláńlá wà lára ògiri. Mo ní n kò rí ìkankan. Dókítà gbé férémù irin kan sí mi lójú, wọ́n ki gíláàsì méjì bọ̀ ọ́.

"Ẹ̀hẹ́n! Mo ti rí gbogbo ẹ̀ báyìí, mà!" Mo kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

Dókítà yọ gíláàsì náà, wọ́n fi hàn mí. "Gíláàsì lásán ni o, bíi ti fèrèsé. Kí ló dé, ọmọ mi?"

Mo jẹ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà wọ́n ní: "Màmá ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ojú ẹ máa fọ́. Lọ sọ fún wọn fúnra ẹ."

Màmá mi wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbá báàgì mọ́ àyà, ètè wọn ń mì, wọ́n ń gbàdúrà. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Mà, ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa."

Ìfọ́tí ni mo ń retí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mi mú. "Ṣé o rí mi dáadáa?"

"Mo rí yín, mà."

Wọ́n bú sẹ́kún níwájú gbogbo èrò. Ìfọ́tí náà kò ṣàì dé, nígbà tí à ń dúró de mọ́tò ní Ṣàngó, ó sì tọ́ sí mi.

Mo ṣì fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ di òní. Àwọn ọmọ náà mọ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé kì í sábà fún wọn ní ìyá tí àyà rẹ̀ ń já. Èmi ní ọ̀kan, n kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí màmá mi sunkún nítorí pé mo ríran.