Ará Òkè tó Gbé Bàrígà

Kò sí ẹni tó gbé Bàrígà láyé ìgbà yẹn tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Adéjìmí oníbàtà ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun gun òkìtì yanrìn kó tó mú bàtà lọ sílé. Táyà ọkọ̀ ni Adéjìmí fi ń ṣe bàtà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dáa. Lazarus, ẹ̀gbọ́n Sabina ìyàwó rẹ̀, ti wọ tirẹ̀, ó ti fẹ́ máa lọ, ni Adéjìmí bá nawọ́ sí yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sójúde.

"Ẹ kọ́kọ́ gun ìyẹn ná, ẹ̀gbọ́n."

"Àna mi, apẹja ni mí. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀. Bí ẹ bá wá ṣàdédé pàdé òkè ńkọ́?"

"Lórí ọ̀sà?"

"Ẹ ṣáà gùn ún."

Láti etí ọ̀sà Bàrígà títí wọ Ṣómólú, kò sí ohun tó ga ju òrùlé ilé lọ. Lazarus gun yanrìn náà, ó yọ̀, ó sì fi ìdí sọ̀kalẹ̀. Adéjìmí gba bàtà padà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní àtẹ́lẹ̀ bàtà náà kò tíì dáa tó.

Ọmọ Àdó-Àwáyé ni Adéjìmí, lọ́hùn-ún lápá Ìsẹ́yìn, níbi tí òkè ńlá gbé dúró sẹ́yìn ìlú. Àwọn èèyàn Sabina ní tiwọn, etíkun Oǹdó ni wọ́n ti wá, wọn ò rí òkè rí. Ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ tù, "ará òkè" ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì fi yẹ́ ẹ sí. Lọ́jọ́ tí Adéjìmí wá tọrọ Sabina, àbúrò ìyá rẹ̀ wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó yọ ṣùtì sí i.

"Ará òkè ni."

Adéjìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ti gbúròó mi nìyẹn."

Ọjọ́ náà ló sọ fún wọn pé adágún omi kan wà lókè Àdó, Ìyákẹ́ lorúkọ rẹ̀, àti pé òun á mú Sabina lọ wò ó. Lazarus béèrè pé ta ló pọn omi lọ síbẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Sabina. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ omi orí òkè yẹn ló jẹ́ kó fẹ́ ẹ.

Adéjìmí fi kàlẹ́ńdà kan kọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀, àwòrán òkè Kilimanjárò ló wà níbẹ̀, orí rẹ̀ funfun. Serifat tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè pé ṣé ẹ̀lúbọ́ ni wọ́n sá síbẹ̀. "Yìnyín ni," ni Adéjìmí dáhùn, "àmọ́ yìnyín kì í ṣe adágún." Nígbà tí ìròyìn sì dé lọ́dún 1953 pé àwọn ọkùnrin méjì ti gun Éfẹ́rẹ́ẹ̀sì, òkè tó ga jù láyé, gbogbo Ṣómólú ń yọ̀, Adéjìmí nìkan ló fajú ro.

"Ṣé wọ́n bá omi lókè?" ló bi Serifat.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá gùn ún fún?"

Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí Sabina bá ní kí àwọn lọ Àdó, Adéjìmí á ní bàtà rẹ̀ kò tíì gba òkè. Á tún ṣe òmíràn. Bàtà pọ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ó ń dun Sabina, nítorí bí omi yẹn bá jẹ́ irọ́, kò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni òun á tún gbà gbọ́.

Lazarus ló fòpin sí i. "Tó bá di Àjíǹde, gbogbo wa là ń lọ. Bí mo bá bá omi níbẹ̀, màá máa pè ọ́ ní ará òkè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí n ò bá bá a, o ò gbọ́dọ̀ dárúkọ òkè létí mi mọ́."

Wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì mú. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Lazarus ti ṣíwájú, Adéjìmí jókòó sórí òkúta, ó ń tú okùn bàtà, ó ń so ó padà.

Sabina fi orúkọ ọmọ wọn pè é. "Bàbá Rẹ̀mí, kí ló dé?"

"Sabina, bàbá mi ló pọ̀n mí nígbà tí mo rí omi yẹn, kí wọ́n tó mú mi wá Èkó. Mi ò mọ̀ mọ́ bóyá mo rí i ni, àbí wọ́n kàn sọ fún mi."

Sabina wo ọkùnrin tó ti fi òkè yangàn fún gbogbo ayé, tí ẹ̀rù òkè wá ń bà, ó sì rí i pé òun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

"Ẹ dìde. Mo di ẹja gbígbẹ dání. Bí omi ò bá sí, a ó jókòó lókè, a ó jẹ ẹja wa, a ó sì sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n gùn ún. Bàtà kankan kò yọ̀. Wọ́n bá Lazarus lórí ìkúnlẹ̀ lókè, etí omi ló wà. Ó ti bọ ọwọ́ sínú rẹ̀, ó ti tọ́ ọ wò.

"Kò níyọ̀," ló sọ.

Adéjìmí jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń jẹ ẹja.

Láti ìgbà náà, Lazarus ló wá ń sọ ìtàn òkè kiri Bàrígà. Adágún náà ń fẹ̀ sí i lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́, títí Adéjìmí fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra."

Kí ọdún 1959 tó parí, àìsàn mú Adéjìmí lọ. Àwọn tó gbẹ́ sàréè ti bò ó, wọ́n ti ń tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ.

"Ẹ jẹ́ kó ga díẹ̀ sí i," ni Sabina wí.

"Ìyá, bí gbogbo ti ibí ṣe rí nìyí."

Sabina rántí òkìtì yanrìn tí Lazarus gùn lọ́jọ́sí, ẹ̀rín pa á pẹ̀lú omijé lójú. Lazarus bọ́ síwájú tòun ti bàtà táyà rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn.

"Ará òkè ni," ló sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn lé e.